Omi Ọsibítù: Ibo Ló Ń Gbà Lọ?

Àwọn àgbà ló sọ pé omi ò lọ́tàá. Omi la bù wẹ̀, òun la bù mu, òun náà la fi ń se oúnjẹ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n bí omi ò bá tilẹ̀ lọ́tàá, àwa ọmọ aráyé lè sọ ọ́ di ọ̀tá ara wa. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá fún ẹ̀yin ònkàwé lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi òjò, kì í sì í ṣe ti omi ẹ̀rọ. Omi tó ń jáde láti ọsibítù ni mo fẹ́ sọ: ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi omi ṣàn kúrò ní yàrá ìgbẹ̀bí, èébì àti ìgbẹ́ aláìsàn, omi tí wọ́n fi fọ aṣọ ẹni tó ní egbò, oògùn olómi tó ṣẹ́kù, àti kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò ní láàbù. Gbogbo wa la máa ń béèrè dókítà. A máa ń béèrè oògùn, a máa ń béèrè bẹ́ẹ̀dì. Ta ni nínú wa tó béèrè rí pé, nígbà tí wọ́n gbé báàkéètì yẹn jáde, ibo ni wọ́n lọ dà á sí?

Ọmọ Iresi ni mí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Bolúwadúró ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ tiwa. Ẹni tó bá dàgbà lórí ilẹ̀ olókè mọ ohun kan tí ará ìlú pẹrẹsẹ lè má tètè mọ̀: ohun tó bá dà sílẹ̀ lókè, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ẹni tó wà lókè lè gbàgbé ohun tó dà nù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí kànga rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ni yóò bá a pàdé lọ́la.

Kí òyìnbó tó kó ọsibítù dé rárá làwọn ìyá wa ti mọ̀ pé omi kan wà tí èèyàn kì í dà síbi tó bá wù ú. Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀gẹ́ fún gààrì. Omi tó ń ro lára àpò yẹn, bó ṣe funfun tó yẹn, májèlé ni. Bí ewúrẹ́ bá mu ún yó, ewúrẹ́ á ṣubú. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló wá ṣàlàyé fún wa pé sáyánáìdì ló wà nínú rẹ̀. Ìyá tó bí ìyá mi ò mọ orúkọ yẹn, kò lọ síléèwé kankan, ṣùgbọ́n ó gbẹ́ kòtò fún omi ẹ̀gẹ́ tirẹ̀, ó sì fi igi há ẹnu rẹ̀ kí ẹran má bà á dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi ọmọ. A kì í jù ú sórí ààtàn, ńṣe la máa ń gbẹ́ ilẹ̀ sin ín kó jìn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àṣà òyìnbó ni kéèyàn ṣọ́ ohun tó ń dà nù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọsibítù kó omi mìíràn dé, èyí tí àwọn ìyá wa ò bá pàdé rí, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ́ gaara lójú bí omi òjò.

Ìlú Lọ́ńdọ́nù ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ hàn gbangba. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1854, àrùn onígbáméjì, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́lẹ́rà, bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Soho. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, òkú sùn ní ilé lẹ́yìn ilé. Nígbà yẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé atẹ́gùn burúkú ló ń gbé àrùn náà kiri. Dókítà kan, John Snow, ló ní kì í ṣe atẹ́gùn, omi ni. Ó tọpa àwọn tó kú, ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn ló ń fa omi mu ní ojú ẹ̀rọ kan ní Broad Street. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà kúrò.

Ṣùgbọ́n báwo ni àrùn ṣe dé inú kànga? Àlùfáà àdúgbò náà, Henry Whitehead, ló wádìí rẹ̀ dé gbòǹgbò. Ní ilé nọ́ńbà 40, ní ẹ̀gbẹ́ kànga gan-an, ọmọ jòjòló kan ti ń ṣu gbuuru kí àrùn tó gbòde. Ìyá rẹ̀ fọ ìlédìí ọmọ nínú omi, ó sì da omi náà sínú kòtò ìdọ̀tí ilé. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré ló wà láàárín kòtò náà àti kànga, bíríkì tí wọ́n fi mọ ọ́n sì ti jẹrà. Ó lé ní 600 èèyàn tó kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ wo ìyá yẹn. Kò ṣe ibi sí ẹnikẹ́ni. Ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó fọ aṣọ ọmọ, ó da omi nù bí gbogbo abiyamọ ṣe ń da omi nù. Èrò tirẹ̀ ni pé omi náà ti lọ. Àmọ́ ohun tí a dà nù kì í ṣe ohun tó sọnù.

Ọgbọ̀n ọdún ò pé sí i tí Robert Koch, ọmọ Jámánì, fi rí kòkòrò tó ń fa kọ́lẹ́rà, ní Íjíbítì àti ní Íńdíà, ní ọdún 1883 sí 1884. Kó tó dìgbà yẹn, Joseph Lister ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn kábọ́líìkì fún egbò ní Scotland láti ọdún 1865, ó sì rí i pé egbò tí wọ́n bá fi wẹ̀ kì í tètè kẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọsibítù bẹ̀rẹ̀ sí í ní òórùn tirẹ̀, òórùn Izal tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré, tí ọmọdé bá gbọ́ á bú sẹ́kún pé abẹ́rẹ́ ti dé.

Ìmọ̀ yìí náà ló bá àwọn míṣọ́nnárì dé ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ìjọ Àgùdà dá ọsibítù Sacred Heart sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1895. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá Wesley Guild sílẹ̀ ní Iléṣà ní 1912. Ní 1957, wọ́n ṣí UCH ní Ìbàdàn. Ní ọdún yẹn kan náà, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa ní Iresi, Dókítà David Morley láti Wesley Guild bẹ̀rẹ̀ ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri àgbáyé. Oore ńlá ni gbogbo ìwọ̀nyí, a ò sì ní ṣe aláìmoore. Ṣùgbọ́n ọsibítù dà bí ọjà. Ọjà ló ń kó ẹrù ìlú mẹ́wàá jọ sójú kan. Àìsàn tó wà ní abúlé kan, tí ì bá jókòó síbẹ̀, ọsibítù á gbà á lálejò. Ẹ̀jẹ̀ ará ibí àti ìgbẹ́ ará ọ̀hún á sì pàdé nínú gọ́tà kan ṣoṣo. Bí gọ́tà yẹn ò bá ní òpin tó dára, ilé ìwòsàn á di ilé ìpín-àrùn.

Àwa náà kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn lọ́nà tó le. Ní ìparí ọdún 1970, kọ́lẹ́rà wọ Nàìjíríà, Èkó ló sì ti kọ́kọ́ yọjú. Ní ọdún 1971, ó mú èèyàn tó lé ní 22,000, ó sì pa nǹkan bí 3,000. Ó padà dé ní 1991, tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: ó lé ní 59,000 tó mú, ó lé ní 7,600 tó pa. Ẹni tó bá ti rí bẹ́ẹ̀dì kọ́lẹ́rà rí á mọ ohun tí mo ń sọ. Wọ́n máa ń lu ihò sáàárín bẹ́ẹ̀dì náà, wọ́n á gbé báàkéètì sábẹ́ rẹ̀. Aláìsàn kan lè ya lítà mẹ́wàá lóòjọ́, omi tó rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Nọ́ọ̀sì á fi omi oníyọ̀ sí i lára, èèyàn náà á jí. Iṣẹ́ ìyanu nìyẹn. Ṣùgbọ́n báàkéètì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ tó láti da odindi àdúgbò dùbúlẹ̀. Wọ́n lè gba ẹnì kan là nínú wọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì fi báàkéètì rẹ̀ pa ogún èèyàn lẹ́yìn wọ́ọ̀dù.

Kì í sì í ṣe ìgbẹ́ nìkan ni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1969, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan tó ń jẹ́ Laura Wine, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Lassa ní ilẹ̀ Borno, dùbúlẹ̀ àìsàn kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Jos, ó sì kú níbẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, fi ìka tó ní ọgbẹ́ kékeré nu ẹnu rẹ̀ fún un. Òun náà kú ní oṣù kejì. Nọ́ọ̀sì kẹta, Lily Pinneo, tún ṣubú; wọ́n gbé e dé Amẹ́ríkà, Ọlọ́run yọ ọ́. Láti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti rí kòkòrò ibà Lassa ní yunifásítì Yale. Níbẹ̀ náà, Jordi Casals tó ń ṣe ìwádìí kó àrùn yìí, ẹ̀jẹ̀ Pinneo ni wọ́n sì fi gbà á là. Òṣìṣẹ́ láàbù kan ni tirẹ̀ ò rọgbọ, ó kú. Ní 1970, Dókítà Jeanette Troup fi ọ̀bẹ gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ ní Jos níbi tó ti ń yẹ òkú wò. Ọgbẹ́ kékeré ni. Òun náà bá a lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Borno àti Jos jìnnà. Lónìí, Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ibà Lassa jù lọ ní Nàìjíríà. Eku ló ń gbé e wá sílé. Omi ara aláìsàn ló ń gbé e kiri nínú ọsibítù.

Mo ti rí ohun tó bà mí lẹ́rù rí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, mo jókòó ti ẹbí mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ gbé báàkéètì jáde láti yàrá ìgbẹ̀bí, ó wọ sálúbàtà, kò wọ ìbọ̀wọ́.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ibo lẹ ń gbé e lọ?"

Ó ní, "Ẹ̀yìnkùlé ni, ọmọ mi. Mo fẹ́ lọ dà á nù."

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀jẹ̀ abiyamọ ni. Ṣé kí n gbé e pamọ́ ni?"

Ó dà á sínú koríko, ó ṣan báàkéètì náà, ó tún fi omi tó ṣan án dà lé e. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí adìẹ fi débẹ̀. N kò bá ìyá yẹn wí, mi ò sì ní bá a wí títí di òní. Kò sẹ́ni tó fún un ní ìbọ̀wọ́, kò sẹ́ni tó gbẹ́ kòtò fún un, kò sì sẹ́ni tó jókòó sọ fún un pé báàkéètì ọwọ́ rẹ̀ lè gbé àrùn mẹ́dọ̀wú tàbí éèdì. Àwọn tó mọ̀ wà nínú ọ́fíìsì. Ẹni tí ò mọ̀ ló ń gbé báàkéètì.

Èyí tó tún ṣòro ni omi tí kò ní kòkòrò nínú, àmọ́ tó jẹ́ pé májèlé ni. Ní 1988, gbogbo Nàìjíríà gbọ́ ìròyìn Koko, ìlú èbúté àwọn Itsekiri, níbi tí àwọn oníṣòwò ará Ítálì ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá kẹ́míkà olóró wá tò sí àgbàlá bàbá kan. Ariwo ọ̀hún ló mú kí ìjọba ológun ṣe òfin kejìlélógójì ọdún 1988, tó ní ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé, tí wọ́n sì dá àjọ FEPA sílẹ̀ láti máa bójú tó àyíká. Àjọ NESREA ló gba ipò rẹ̀ ní 2007. Inú gbogbo wa dùn pé a lé májèlé òyìnbó padà. Àmọ́ májèlé tó wà nílé ńkọ́? Omi tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò ẹ́ṣíréè ní fàdákà nínú tó lè pa ẹja odò. Fọ́málíìnì, tí wọ́n fi ń pa ẹ̀yà ara mọ́ kó má bà á rà, ni àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lágbàáyé ti kà mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ láti 2004. Mákúrì tó wà nínú igi ìwọn-ìgbóná-ara, bó bá fọ́ sílẹ̀, a máa yí gbirigbiri bí ìlẹ̀kẹ̀; ọmọdé á ní kí wọ́n fún òun fi ṣeré. Ní Minamata ní Japan, láti 1956 ni wọ́n ti rí àwọn tó ya arọ nítorí wọ́n jẹ ẹja tó mu mákúrì ilé iṣẹ́ kan. Orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fi sọ àdéhùn àgbáyé lórí mákúrì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017, tí Nàìjíríà náà sì wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni 2014 dé, tó fi hàn pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí lè gba orílẹ̀-èdè là. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje, Patrick Sawyer ti Liberia gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú àrùn Ebola lára. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù First Consultants ní Obalende. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, ọmọ-ọmọ-ọmọ Herbert Macaulay, fura sí àìsàn náà, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kó jáde, bí wọ́n tilẹ̀ fínná mọ́ ọn tó. Ebola kì í fò nínú afẹ́fẹ́ bí ibà ọ̀fìnkìn. Èébì, ìgbẹ́, ẹ̀jẹ̀, òógùn: inú omi ara ló ń gbé. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọn tó ń nu ilẹ̀ àti àwọn tó ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì wà nínú ewu kan náà pẹ̀lú dókítà. Adadevoh kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ, àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù náà mìíràn sì kú pẹ̀lú.

Níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn náà, kò sí báàkéètì tó ń jáde lásán mọ́. Òfin ìtọ́jú Ebola ni pé omi kílórínì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan ohunkóhun tó bá jáde lára aláìsàn, kó tó kan ilẹ̀. Wọ́n wá àwọn 894 tó ti bá aláìsàn pàdé, wọ́n ń lọ wò wọ́n nílé lójoojúmọ́. Ogún èèyàn ni àrùn náà mú ní gbogbo Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé a ti bọ́. Ìlú tó tóbi bí Èkó! Ẹ ò rí i pé kì í ṣe owó nìkan ló ń ṣe é.

Ó wá ku kí ni ká ṣe? Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti sọ ọ́, kò sì le bí a ṣe rò. Èkíní, kí wọ́n ya omi sọ́tọ̀ láti ibi tó ti jáde. Ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ ní ọ̀nà tiwọn, kẹ́míkà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ á lọ sínú ṣáláńgá tàbí sókáwéè tó ní ìdérí, tó fi ó kéré tán 30 mítà jìnnà sí kànga, tí ìdí rẹ̀ sì fi mítà kan ààbọ̀ ga ju ibi tí omi ilẹ̀ wà. Lórí ilẹ̀ olókè bíi tiwa, kí ó wà nísàlẹ̀ kànga, kó má wà lókè rẹ̀.

Èkejì, kí wọ́n mọ agbára oògùn apakòkòrò. Kílórínì ìdá ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń lò fún ìdọ̀tí. Bí jíkì bá jẹ́ ìdá mẹ́ta ààbọ̀, ife jíkì kan sí ife omi mẹ́fà. Bó bá jẹ́ ìdá márùn-ún, ife kan sí mẹ́sàn-án. Kí wọ́n wo ara ìgò dáadáa, kí wọ́n sì pò ó lójoojúmọ́, nítorí oòrùn máa ń gba agbára rẹ̀. Jíkì kì í ṣe idán: bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jù nínú báàkéètì, ẹ̀jẹ̀ á jẹ agbára rẹ̀ tán kó tó kan kòkòrò. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, kòtò ni kí wọ́n rọra dà á sí láìjẹ́ kó ta síni lára; báàkéètì ni kí wọ́n wá fi jíkì pa kòkòrò rẹ̀. Kí wọ́n má sì pò ó mọ́ oògùn ìfọ-ṣáláńgá tó ní ásíìdì tàbí mọ́ fọ́málíìnì, kí èéfín rẹ̀ má bà á pa ẹni tó ń gbálẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kẹ́míkà kì í wọ sókáwéè. Sókáwéè lè jẹ ìgbẹ́, kò lè jẹ mákúrì. Inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n kọ orúkọ sí lára ni kí ó wà, kí wọ́n tì í mọ́lé, kí wọ́n sì dá a padà fún ẹni tó tà á tàbí fún ibi tí wọ́n ti lè sọ ọ́ di aláìlóró. Ìdọ̀tí láàbù tí kòkòrò wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sè é nínú ìkòkò onítẹ́ẹ̀rù, ní ìgbóná 121 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó tó jáde. Ẹ̀kẹrin ni ó sì ṣe pàtàkì jù: kí wọ́n fún ẹni tó ń gbé báàkéètì ní bàtà gígùn, ìbọ̀wọ́ nínípọn àti ẹ̀kọ́, kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú, kí wọ́n sì kà á mọ́ òṣìṣẹ́ ìlera, nítorí òun ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí jù. Bí ìlú bá fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn, a máa ń kó owó jọ. Ọmọ ìlú tó wà ní Èkó á fi bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá tọrẹ. Èyí tó wà ní Lọ́ńdọ́nù á ra ẹ̀rọ mọ̀nàmọ́ná. Wọ́n á fi orúkọ wọn sára ògiri, onílù á lù, a ó jó. Ó dára, kí Ọlọ́run dá wọn padà sí i. Ṣùgbọ́n mi ò tíì débi tí ẹnì kan ti dìde pé òun á gbẹ́ sókáwéè. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sára kòtò ìdọ̀tí. Bẹ́ẹ̀ bí kòtò yẹn ò bá sí, bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá á kàn máa kó omi wá sínú kànga àwọn tó fi owó náà jọ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Iresi, ẹ̀yin ará Ọ̀tan, ará Ìgbájọ, ará Ìlá, àti gbogbo ẹ̀yin tó ń kà mí ní ìlú ńlá, bí wọ́n bá tún pè yín sí ìkówójọ ọsibítù, ẹ fún wọn lówó. Kẹ́ ẹ tó jókòó, kẹ́ ẹ wá bi alága léèrè ìbéèrè kan péré: "Alága, ẹ jọ̀ọ́, omi ibẹ̀ ńkọ́, ibo ló ń gbà lọ?" Bí alága bá ń wò yín láìlè dáhùn, ẹ má bínú sí i. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ yín sílẹ̀ fún kòtò.